Ẹ Fi Ẹnu Yín Mu Ún

Bàbá Télọ̀ ló kó wọn wá bá mi. Ó dì wọ́n mú bí ẹni di ìgbálẹ̀ mú, ẹrẹ̀ dúdú ń kán lára wọn sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. Kò kí mi. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá rí ológbò mi lójú ọ̀nà, á bi í pé ṣé dáadáa ló jí, kò kí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ìyá Ọlọ́sàn," ó ní, "ṣé o mọ àwọn wọ̀nyí?"

Mo mọ̀ wọ́n. Ta ni kò ní mọ ọmọ tó bí? Sítírọ́ọ̀ ni, àwọn ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa omi èso mu, aláwọ̀ pupa àti funfun tó lọ́ mọ́ra wọn. Nígbà yẹn, èmi nìkan ló ń ta omi èso ní gbogbo òpópónà wa, èmi nìkan ló sì ń lo irú aláwọ̀ méjì bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ fún ẹni tó ń tà á fún mi pé n kò fẹ́ funfun lásán, pé ti ṣọ́ọ̀bù tèmi gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀. Ó sì dá yàtọ̀ lóòótọ́. Ẹrẹ̀ ọjọ́ méjì kò lè pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́.

Òjò ló ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Gọ́tà kún, omi kò rí ibi gbà, ló bá yà wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ òpópónà. Òkè ni ṣọ́ọ̀bù tèmi wà, kò kàn mí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Bàbá Télọ̀ wà. Omi mu maṣín-ìn ìránṣọ rẹ̀ dé orúnkún, aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ti rán tán, tó ti lọ̀, tó ti ká jọ, gbogbo rẹ̀ ló rẹ sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí òjò dá, àwọn ọkùnrin àdúgbò kó ṣọ́bìrì, wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà títí wọ́n fi dé ibi tó ti gba abẹ́ títì kọjá. Ohun tó dí ibẹ̀ ni Bàbá Télọ̀ kó wá. Ó ní òkìtì mìíràn ṣì wà níta, kí n wá fojú ara mi wò ó bí mo bá rò pé irọ́ ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "èmi kọ́ ni mo jù wọ́n sí gọ́tà. Àwọn oníbàárà ló..."

"Ìwọ kọ́ lo jù wọ́n. Ìwọ lo pín wọn."

Ó gbé ìdì náà kalẹ̀ sórí káńtà mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí mo fẹ́ bẹ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo lẹ́nu o. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé bí ìjà ẹnu bá dé, n kì í yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹnu mi gbẹ. Ojú tì mí dé ẹ̀yìn ọrùn. Mo kó ìdọ̀tí náà sínú garawa, mo fọ káńtà lẹ́ẹ̀mejì, mo wá gbé ojú sókè wo páálí sítírọ́ọ̀ tuntun tó wà lórí pẹpẹ. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo fi apẹ̀rẹ̀ bò ó. Mo gé páálí mìíràn, mo kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, mo sì gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà: SÍTÍRỌ́Ọ̀ TI TÁN NÍBÍ. KÒ NÍ WÁ MỌ́. Ẹ FI ẸNU YÍN MU ÚN.

Ọkọ mi ní ó le jù. Mo ní bí mo bá kọ ọ́ pẹ̀lẹ́, wọn á máa bi mí pé ọjọ́ wo ló máa dé.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni olùkọ́ kan tó ń mu omi ìbẹ́pẹ lójoojúmọ́ Ọlọ́run. Ó wo gíláàsì, ó wò mí, ó wo páálí.

"Mà, ẹ má bínú, ṣé kò wá ku ẹyọ kan ṣoṣo?"

"Ó kù. Páálí kan odidi ló wà lẹ́yìn ilé."

"Ẹ wá fún mi lára ẹ̀."

"Rárá."

Ó rò pé mò ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé ojú mi kò rẹ́rìn-ín, ó gbé gíláàsì sẹ́nu. Ìfófòó omi ìbẹ́pẹ lẹ̀ mọ́ irunmú rẹ̀, ó di bàbá arúgbó lójijì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Gbogbo wọn kọ́ ló rẹ́rìn-ín o. Obìnrin kan wà tó kun ètè rẹ̀ pupa bí ata tó pọ́n. Ó ní ṣé kí ọ̀dà ètè òun lẹ̀ mọ́ ife ni. Mo ní màá fọ̀ ọ́. Ó ní ẹnu mélòó ló ti kan ife náà kó tó kan òun. Mo ní, "Ṣíbí tí ẹ fi jẹun nílé oúnjẹ lánàá ńkọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́?" Ó pòṣé, ó jáde. N kò rí i mọ́ títí di òní.

Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kì í ṣe omi nìkan làwọn èèyàn ń fi sítírọ́ọ̀ fà. Iyì ni wọ́n ń fà. Bàbá kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa mú àna rẹ̀ tuntun wá, ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fún wọn. Mo gbé omi ọsàn síwájú wọn nínú gíláàsì tó mọ́ gaara, yìnyín ń dún nínú rẹ̀. Bàbá yìí dìde, ó fà mí sí kọ̀rọ̀.

"O dójú tì mí," ó ní. "Èèyàn ńlá ni mo mú wá sílé rẹ, ìwọ wá gbé ife ìhòòhò síwájú ẹ̀!"

Ife ìhòòhò! Mo ní, "Bàbá, aṣọ wo lẹ fẹ́ kí n wọ̀ fún un?" Kò pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní láyé ọ̀làjú, ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún ni à ń fún ní sítírọ́ọ̀, pé ẹran ọ̀sìn ló ń ki ẹnu bọ omi. Àna rẹ̀ ti mu tirẹ̀ tán kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó tún ní kí n fi kún un.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òkìkí ti kàn pé owó ló tán lọ́wọ́ mi, pé ọ̀rọ̀ gọ́tà tí mò ń sọ, àwáwí ni. Ọkọ mi, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, tí kì í gbélé ju ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, gbọ́ ọ láti ìlú kejì kó tó délé.

"Gbogbo ayé ló ń lo nǹkan yìí," ó ní, bó ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. "Bí ìwọ nìkan bá jáwọ́, ṣé òkun á wá mọ́ ni?"

"Òkun kọ́ ni mò ń bá jà. Gọ́tà ni."

"Olórí kunkun ni ẹ́."

"O mọ̀ kó o tó fẹ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bu omi ọsàn fún òun. Mo bù ú. Ó wò yí ká, ó tún wò mí, ó fi ẹnu ara rẹ̀ mu ún.

Kò pẹ́ sí i ni ọ̀dọ́bìnrin kan ya ṣọ́ọ̀bù omi èso sí òdìkejì òpópónà. Sítírọ́ọ̀ aláwọ̀ ewé, sítírọ́ọ̀ aláwọ̀ òféfèé, sítírọ́ọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò, ó kó gbogbo wọn sínú ìgò sójú fèrèsé bí òdòdó. Kíá làwọn èèyàn ti sọ ọ́ ní Aláràbarà. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ó dùn mí nígbà tí mo bá rí àwọn tó ti ń pè mí ní màmá láti ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ń gba iwájú mi kọjá, tí wọ́n ń fi ojú wo ilẹ̀.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Ẹ̀gbọ́n mi ni n kò rò tẹ́lẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Agbẹ̀bí ni. Ìdajì àwọn tó ń rìn lójú títì wa, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n já bọ́ sí nígbà tí wọ́n ń wá sáyé. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọwọ́ ọ̀tún kò dìde mọ́, ti òsì ń gbọ̀n, ètè rẹ̀ sì wọ́ lápá kan. Ọpọlọ rẹ̀ dá ṣáká. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, á fi ọ̀pá rìn láti ilé rẹ̀, á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, màá gbé omi ọsàn síwájú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, á sì máa sọ bí gbogbo èèyàn tó ń kọjá ṣe ké nígbà tí wọ́n bí wọn. Sítírọ́ọ̀ ni mo ń kì bọ ife rẹ̀. N kò ronú nípa rẹ̀ rí, bí èèyàn kì í ti í ronú nípa ìlẹ̀kùn tó ń gbà wọlé.

Nígbà òjò yẹn, ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Oṣù kan àti ààbọ̀ ló lò níbẹ̀. Ọjọ́ tó dé, ó rí páálí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó kà á, ó ní, "O káre. Ó ti pẹ́ tó yẹ." Inú mi dùn. Mo bu omi ọsàn rẹ̀, mo mú ṣíbí, mo fa àga, mo jókòó síwájú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kún díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bu omi sínú ṣíbí, mo gbé e súnmọ́ ẹnu rẹ̀.

Ó pa ẹnu dé.

"Gbé ṣíbí yẹn kúrò lójú mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, díẹ̀díẹ̀ la máa..."

"Mo ní kó o gbé e kúrò."

Ó na ọwọ́ òsì, ó gbé gíláàsì fúnra rẹ̀. Kò tíì dé àgbọ̀n nígbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kíkan. Omi ọsàn dà sí i láyà, ó dà sí aṣọ funfun tó wọ̀, ó ń kán sórí itan rẹ̀. Ẹnì kan níbẹ̀ bojú wo fóònù rẹ̀, ẹlòmíràn ń wo àjà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé gíláàsì kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wá ọ̀pá rẹ̀, ó dìde.

"Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo lè dá ṣe láàárín àwùjọ nìyẹn," ó ní. "Kí n jókòó, kí n mu omi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wò mí."

Mo sáré tẹ̀lé e. Kò jẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú.

Kò wá lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi wá. Èmi náà, olórí kunkun, mo ní yóò wá, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, mo lọ wá oríṣi sítírọ́ọ̀ mìíràn, mo ra onírin, mo ra onípépà, mo sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Yàrá iwájú ló ń sùn báyìí, kó má baà máa gun àtẹ̀gùn. Ọmọ rẹ̀ ti kan igi kan mọ́ ara ògiri láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, òun ló ń dì mú rìn. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí àga. Ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n bu omi wá.

A gbìyànjú onírin. Bí àgbọ̀n rẹ̀ ṣe ń jà, bẹ́ẹ̀ ni irin ń dún mọ́ eyín rẹ̀, kò sì pẹ́ tí mo fi rí ẹ̀jẹ̀ lójú èrìgì. A gbìyànjú onípépà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í yára gbé omi mì, kó tó mu ìdajì, pépà náà ti rọ, ó ti lẹ̀ pọ̀ bí ewé tó rẹ sómi. Ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"O rò pé orí ike ni mo ti ń bá ẹ jà," ó ní. "Nígbà tí a wà ní kékeré, ta ló ń fi sítírọ́ọ̀ mu omi nílé wa? Ife la ń gbé sẹ́nu, a sì yó. Ṣùgbọ́n mo lọ́wọ́ méjì nígbà yẹn. Ìwọ ṣòfin fún àwọn tó lọ́wọ́, o gbàgbé pé mo ṣì wà láyé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí omi tútù. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kó gbogbo ẹ̀ padà síta?"

"Ta ló ní kó o kó o padà? Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?" Ojú rẹ̀ kan. "Má kó nǹkan kan padà fún àwọn abara-líle yẹn. Ṣùgbọ́n tọ́jú díẹ̀ sábẹ́ káńtà. Ẹni tó bá ní òun nílò rẹ̀, fún un. Má bi í pé kí ló ṣe é. Ó ti sú mi láti máa ro ẹjọ́ àìsàn mi kí n tó rí omi mu. Kó o sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jáde, kó má baà dé gọ́tà Bàbá Télọ̀."

Òun ló sọ ohun tí mo kọ sórí páálí tuntun. Ó ní kí n kà á sí òun létí kí n tó gbé e kọ́: ẸNI TÓ BÁ NÍLÒ SÍTÍRỌ́Ọ̀, KÓ SỌ. A KÌ Í BÉÈRÈ ÌDÍ. Ẹ̀YIN YÒÓKÙ, Ẹ FI ẸNU YÍN MU ÚN.

Ó padà sí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní agogo mẹ́rin ọjọ́ kejì.

Àwọn olófòófó sáré lọ bá Bàbá Télọ̀ pé Ìyá Ọlọ́sàn ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wá pẹ̀lú tépù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ láyà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ẹ̀gbọ́n mi, ó rí sítírọ́ọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e ń retí kó sọ̀kò ọ̀rọ̀.

"Èmi ni omi wọlé bá," ó sọ fún wọn. "Bí ẹnikẹ́ni bá lẹ́tọ̀ọ́ láti kórìíra ike yìí, èmi ni. Kí ló wá kàn yín?" Ó wọlé, ó kí ẹ̀gbọ́n mi, ó wá kí èmi náà. Ó ní kí n bu omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún òun. Àtìgbà náà ló ti ń gbé ife tirẹ̀ wá, ife tánganran kan tí etí rẹ̀ ti bó.

Ilé iṣẹ́ ńlá kan wà lórí òkè títì tó ń gba omi èso lọ́wọ́ mi fún ìpàdé wọn ní gbogbo ọjọ́bọ̀. Òun ló gbé ṣọ́ọ̀bù mi ró ju ohunkóhun lọ. Akọ̀wé wọn wá fúnra rẹ̀, kóòtù lọ́rùn, ó ní àwọn àlejò ń ṣàròyé, pé kò dáa kí àwọn èèyàn pàtàkì máa gbé ìgò sẹ́nu bí ọ̀mùtí. Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ dé fèrèsé.

"Mà, ṣé sítírọ́ọ̀ kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ẹ ní in nígbà náà."

"Mo ní in."

"Ẹ fún wa." Kò sọ pé ẹnì kan nílò rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

"Kí ló ṣe ọwọ́ mi bí i báwo?"

"Ohun tí èmi náà ń bi yín nìyẹn."

Àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ojú akọ̀wé le. Ó ní àrékérekè ni, pé bí nǹkan bá burú, kó burú fún gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi yọ sítírọ́ọ̀ lẹ́nu, ó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n nà án sí i.

"Ọmọ mi, ó tọ́ bí o ṣe wí. Gba tèmi. Kó o wá fún mi ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ, ká ṣe pàṣípààrọ̀."

Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn. Ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó jáde. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Aláràbarà ló gbé omi èso lọ sókè títì. N kò ní sọ pé kò dùn mí. Mo pa fíríìjì kejì, mo ń ra ọsàn níwọ̀nba. Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Àwọn tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ mi. Ọkùnrin kan tí ọ̀kadà dà nù, tí wọ́n fi wáyà di àgbọ̀n rẹ̀ pa nílé ìwòsàn, wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin kan ń gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn láti àdúgbò kẹta. Ó ní níbòmíràn, wọ́n máa ń bi òun ní ìbéèrè bíi ti ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó fún ọmọ òun ní sítírọ́ọ̀, àwọn mìíràn sì ń fún un pẹ̀lú ojú àánú, èyí tó burú ju ìbéèrè lọ. Mo ki sítírọ́ọ̀ bọ ife, mo gbé e síwájú ọmọ náà, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní kí n máa ṣe é nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún wà, aláwàdà burúkú, tó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Mo fún un ní sítírọ́ọ̀, n kò béèrè ìdí. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló fi ń tẹ fóònù tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀sẹ̀ kejì ó padà wá, ti òsì ló ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ṣé ó ti kó lọ sí òdìkejì ni?" Gbogbo ilé dàrú fún ẹ̀rín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé gíláàsì sẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ títí àwọn ará ọ́fíìsì ìlú fi dé. Wọ́n jẹ́ mẹ́ta. Ọ̀gá obìnrin kan ló ṣáájú, ọkùnrin kan gbé pátákó, ẹnì kẹta gbé ẹ̀rọ àwòrán. Wọ́n kí mi bí ẹni kí ìyàwó tuntun. Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́ nípa mi, pé òfin ń bọ̀ tí yóò lé sítírọ́ọ̀ kúrò nílùú, pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe, wọn á ya àwòrán mi sínú ìwé ìròyìn. Mo tún gèlè mi ṣe. Wọ́n gbé pátákó wọn kọ́ sójú ibi tí páálí mi wà. Ó rẹwà. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé: KÒ SÍ SÍTÍRỌ́Ọ̀ RÁRÁ, FÚN ẸNIKẸ́NI.

Ayàwòrán gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó sọ nǹkan sí ọ̀gá rẹ̀ létí.

"Mà," ni ọ̀gá wí, "ẹ jọ̀ọ́, kí ìyá àgbà yìí sún díẹ̀, kó má baà hàn. Nítorí ohun tó wà lẹ́nu wọn."

"Kò ní sún."

"Ìṣẹ́jú méjì péré ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ibi tó ń jókòó nìyẹn." Mo bọ́ síwájú káńtà. "Òfin tí ẹ ní ó ń bọ̀ yìí, ṣé ẹ fi àyè sílẹ̀ fún irú wọn?"

"Òfin ni òfin, Mà. Bí a bá yọ ẹnì kan sílẹ̀, gbogbo èèyàn ló máa ní ara àwọn kò yá."

"Ẹnì kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí níbí. Ilé kò wó."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí àwọn ará ọ́fíìsì ń rín fún ọmọdé. Ó ní ohun tí òun wá ṣe kò ju àwòrán lọ. Mo mú pẹ́ẹ̀nì dúdú tí mo fi ń kọ nǹkan sára ìgò, mo gun àpótí, mo sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátákó ẹlẹ́wà wọn pé: ÀFI ẸNI TÓ NÍLÒ RẸ̀.

"Mà! Ohun ìní ìlú lẹ bà jẹ́ yẹn!"

"Ẹ gbé e lọ nígbà náà."

Wọ́n gbé e lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwòrán Aláràbarà ló jáde nínú ìwé ìròyìn, ó dúró ti pátákó tuntun, ó ti kó àwọn òdòdó ike rẹ̀ pamọ́ fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Inú bí mi díẹ̀. Àwòrán náà yẹ ẹ́, ọmọ náà.

Òfin jáde lóòótọ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi mú ìwé ìkìlọ̀ wá fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀. Ìyá ọmọ orí kẹ̀kẹ́ gbọ́, òun àti ọmọ rẹ̀ bá wa lọ.

Wọ́n fi wá sórí bẹ́ǹṣì láti agogo mẹ́jọ títí di ọ̀sán. Nígbà tí ọ̀gá obìnrin ọjọ́sí wá jáde sí wa, ẹ̀gbọ́n mi kò ro ẹjọ́ kankan. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Wọ́n gbé omi wá nínú ife. Ó ṣí báàgì rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó pẹ́ kó tó ṣí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó yọ sítírọ́ọ̀ kan, ó fi í sínú ife. Ó mu omi náà níwájú gbogbo wọn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán. Àwọn akọ̀wé dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọmọ orí kẹ̀kẹ́ ní òun náà fẹ́ omi.

"Ta ló fún yín ní èyí?" ni ọ̀gá béèrè. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Èmi ni," mo ní. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Màá tún fún wọn lọ́la."

Ó ní àwọn yóò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Oṣù márùn-ún rèé tí wọ́n ti ń gbé e yẹ̀ wò. Ìwé ìkìlọ̀ kejì ti dé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ògiri náà ṣì gba mẹ́ta sí i.